Pátákó Tí Mo Mú Kó Dán

Èmi Àbdùlgàfár, kò sí ohun tí mo rí tí mi ò ní fẹ́ kó máa dán. Iṣẹ́ àga ni mo ń ṣe lẹ́bàá ọjà Ogbete ní Enugu, ọ̀gá tó sì kọ́ mi níṣẹ́ ní Ìsẹ́yìn ti fi yé mi pé iṣẹ́ tí kò bá dán, kò tíì parí. Nígbà tí ilé-ìwé ọmọ mi ní àdúgbò New Haven ní káwọn òbí ran àwọn lọ́wọ́, mo ní kí wọ́n fi pátákó ìkọ̀wé kíláàsì Rodiyat sílẹ̀ fún mi. Mo kùn ún dúdú, mo tún wá fi fáníìṣì lé e lẹ́ẹ̀mẹta títí tó fi ń dán bíi dígí. Látìgbà náà, bí mo bá ti délé, ìbéèrè mi ò ju ẹyọ kan lọ: "Rodiyat, ta ló ṣe pátákó tó dára jù ní Enugu?" Á ní, "Daddy mi ni."

Ni ọmọ yìí bá bẹ̀rẹ̀ sí í fìdí rẹmi, sáà méjì gbáko. Tíṣà wọn, Mísíìsì Oyèbísí, ránṣẹ́ pè mí, ó ní bó bá tún rí báyìí ní sáà kẹta, Rodiyat á tún kíláàsì náà ṣe. Ó dùn mí wọra. Mo délé, mo jágbe mọ́ ọmọ ọdún mẹ́jọ bí ẹni pé ó dáná sun ṣọ́ọ̀bù mi. Mo pè é ní olódo, èmi tí mo lo ọdún méjì ní púrámárì fọ́ọ̀.

Lọ́jọ́ kejì mo tẹ̀ lé e dé kíláàsì, kí n fojú ara mi rí ọ̀lẹ tó ń ṣe. Mo há ara mi sórí àga ẹ̀ létí fèrèsé, orúnkún mi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n mi. Mísíìsì Oyèbísí kọ̀wé, àwọn ọmọ tó wà lápá kejì ń kà á ketekete. Èmi ò rí lẹ́tà kan. Oòrùn àárọ̀ àti fèrèsé ni mo rí lójú pátákó, pẹ̀lú orí ràbàtà kan láàárín wọn. Orí mi ni.

"Ṣé bó ṣe máa ń rí nìyí?" Mo rọra bi Rodiyat tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

Ó ní bẹ́ẹ̀ ni.

"Kí ló dé tó ò sọ fún mi?"

"Ẹ̀yin lẹ ṣe é, Daddy. I no want make you vex."

Ojú tì mí débi pé mi ò lè dìde lórí àga kékeré yẹn.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, mo fi sáńpépà ha gbogbo dídán náà dànù. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Rodiyat jókòó sáàyè ẹ̀, ó ka ohun tí tíṣà kọ látòkè délẹ̀, kò ṣì í kà. Mo ní kó foríjì mí. Ó lọ fọwọ́ pa pátákó tó ti rí ṣákaṣàka náà, ó ní, "Daddy, èyí gan-an ló dára jù ní Enugu."

Ọdún kẹtàlélógún rèé tí mo ti ń ṣiṣẹ́, èyí tí mi ò parí ni ọmọ mi ń yìn.