Ẹ̀rọ Tí Kò Ní Sùúrù

"Ó tún ti já!"

Martha ló pariwo bẹ́ẹ̀, tó ká ọwọ́ méjèèjì lérí. Gbogbo àwọn tó wà nínú káàfè Díákónì Elkanah yíjú sí i. Adédiwúrà, ọmọ rẹ̀, ló jókòó síwájú kọ̀ǹpútà. Ọmọ náà ń wo ojú ẹ̀rọ bí ẹni tí wọ́n já nǹkan gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Fọ́ọ̀mù tó ti kún dé ìsàlẹ̀ ti pòórá. Orúkọ, àdírẹ́sì, máàkì JAMB, gbogbo ẹ̀ ti di òfìfo, àsìkò tó wà lórí tíkẹ́ẹ̀tì tí wọ́n rà sì ń sáré lọ ní tiẹ̀.

"Mummy, ẹ fara balẹ̀," ni Díákónì wí láti inú yàrá onígíláàsì rẹ̀. "Nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ni. Ẹ ra tíkẹ́ẹ̀tì mìíràn, kí ẹ sì máa gbàdúrà. Ogun ń bẹ nídìí ọ̀rọ̀ ọmọ yìí o."

Mo gbọ́ ọ, inú sì bí mi. Èmi Keziah, iwájú káàfè yẹn ni mo ti ń ṣe fọ́tòkópì ní Kétu níbí, lọ́dún tí àwọn yunifásítì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gba fọ́ọ̀mù ìdánwò àṣewọlé lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ẹnu mi kì í gbé jẹ́ẹ́, gbogbo àdúgbò ló mọ̀. Mo mọ ohun tó ń ba Martha lẹ́rù. Opó ni, apẹ̀rẹ̀ òfìfo tí wọ́n fi ń kó tòmátì ló ń tà ní Máìlì 12. Adéníkẹ́, ẹ̀gbọ́n obìnrin olóògbé ọkọ rẹ̀, ló ra káàdì tí wọ́n fi ń ṣí fọ́ọ̀mù náà fún ọmọ. Ọjọ́ yẹn gan-an sì ni yunifásítì máa ti fọ́ọ̀mù náà pa. Tí kò bá wọlé kí wọ́n tó ṣíwọ́ iṣẹ́ nírọ̀lẹ́, yunifásítì ti bọ́ nìyẹn, ta ló sì mọ̀ bóyá owó máa wà lọ́dún tó ń bọ̀?

Ara ti ń fu mi tipẹ́. Àwọn kọ̀ǹpútà tó wà níta fún gbogbo èèyàn, wọ́n á kàn já ni, àgàgà tí ohun tí èèyàn ń ṣe bá gùn. Àmọ́ àwọn ọmọkùnrin tó san owó member, tí wọ́n ń jókòó sínú yàrá onígíláàsì lọ́dọ̀ Díákónì, mi ò gbọ́ kí tiwọn já rí. Àwo sátẹ́láìtì ńlá kan náà ló wà lórí òrùlé o. Wáyà kan náà ló ti ibẹ̀ wá. Irú nẹ́tíwọ̀ọ̀kì wo ló ń mọ ojú olówó?

Felix, ẹnjiníà tó ń tọ́jú nẹ́tíwọ̀ọ̀kì wọn, wá ṣe fọ́tòkópì lọ́dọ̀ mi lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Mo bi í léèrè ohun tó fà á tí ti ìta fi ń já. Ó kọ́kọ́ wẹ̀yìn.

"Aunty, ẹ má dárúkọ mi o."

"Ta ni mo fẹ́ dárúkọ rẹ fún? Sọ̀rọ̀, jàre."

"Ọ̀nà tí ohun tí a bá fi ránṣẹ́ ń rìn jìn, Aunty. Ó ń gòkè lọ bá sátẹ́láìtì, á sọ̀ kalẹ̀, á dé yunifásítì, á tún padà wá. Tí èrò bá pọ̀, á tún pẹ́ sí i. Ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ ní sùúrù. Nọ́ńbà kan wà tí a máa ń tẹ̀ sí i, òun ló ń sọ bó ṣe máa dúró de èsì pẹ́ tó kó tó gé e. Gígùn ni mo fi í sí nígbà tí mo ṣe é. Díákónì ló ní kí n gé ti ìta kúrú, kí n fi ti inú sílẹ̀."

"Nítorí kí ni?"

Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Tó bá já, ṣé wọn ò ní ra tíkẹ́ẹ̀tì mìíràn ni?"

Háà! Mi ò tilẹ̀ dúró gba owó fọ́tòkópì lọ́wọ́ rẹ̀. Mo wọlé tọ Díákónì lọ.

"Díákónì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí ẹ̀rọ ọmọ yìí dúró pẹ́ díẹ̀ sí i. Ẹ ṣí ibi tí wọ́n ti ń yí àkókò ìdúró rẹ̀ fún un, á yí i fúnra ẹ̀. Ó gbọ́ kọ̀ǹpútà."

Ojú rẹ̀ yí padà. "Ta ló ń bá yín sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn?"

"Ìyẹn kọ́ ni mo bi yín."

Ó rọra fẹ̀yìn ti àga. "Aunty Keziah, tí gbogbo oníbàárà bá ń yí settings bó ṣe wù wọ́n, ẹnì kan á ní kí ẹ̀rọ tòun dúró títí láé, á wá dí àwọn yòókù lọ́nà. Ọ̀nà kan ṣoṣo la ní. Ẹni tó ni káàfè ló mọ bó ṣe ń tò ó."

Òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ náà, ohun tó sì bí mi nínú jù nìyẹn. "Ẹ fi ààlà sí i nígbà náà. Tàbí kó wá jókòó sínú níbí."

"Members ló ni inú."

Bó ṣe dìde nìyẹn, tó kọjá lára mi lọ bá Martha. Ó gbé ohùn sókè kí gbogbo èèyàn lè gbọ́. "Mummy, ta ló fún yín ní káàdì yìí gan-an?"

"Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ni, sir."

"Ẹ̀gbọ́n ọkọ!" Ó mi orí. "Ẹ̀rọ àwọn yòókù ò já báyìí o. Èmi ò ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ."

Irọ́ ni. Ti gbogbo ìta ló ń já. Àmọ́ mo rí i bí ojú Martha ṣe yí. Adéníkẹ́ nìkan ló dúró tì í nígbà tí àwọn ará ilé ọkọ ń kó ẹrù olóògbé, ó sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí Díákónì sọ ti wọ̀ ọ́ lára. Ó na ọwọ́ kan sórí kọ̀ǹpútà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀jẹ̀ Jésù lé ọ̀tá lọ. Díákónì ṣe àmín, ó padà sínú yàrá rẹ̀. Ẹ̀rọ tún já.

Mo bẹ̀rẹ̀ sétí Adédiwúrà, mo sọ ọ̀rọ̀ Felix fún un. Ọmọ náà gbọ́ ọ kíá. Ó ń wá ibi tí nọ́ńbà náà wà, ẹ̀rọ ní kó mú password wá. Àfi gìrì tí Díákónì tún jáde síta.

"Yahoo! Oníjìbìtì lọmọ yìí, ó fẹ́ wọnú ẹ̀rọ mi! Ẹ dìde níbẹ̀! Ẹ jáde!"

Bí wọ́n ṣe lé wọn síta nìyẹn. Mo bá wọn sáré, a wọkọ̀ lọ sí Òjótà. Èrò tò síwájú káàfè ibẹ̀. Nígbà tó máa fi kan Adédiwúrà, ohun tí yunifásítì kọ síbẹ̀ ni pé fọ́ọ̀mù ti parí.

Martha ò sunkún. Ó gba fóònù mi, ó pe Adéníkẹ́. "Ẹ kú iṣẹ́ o, Aunty. Káàdì tí ẹ fún ọmọ mi ti jẹ́ iṣẹ́ tí ẹ rán an. Ẹ má dé ilé mi mọ́ láé." Mo gbọ́ ohùn ìyá náà níbi tó ti ń sọ pé, "Èmi? Martha, èmi kẹ̀?" Martha ti gé e.

"Elkanah ni o!" ni mo pariwo. "Nọ́ńbà ló gé kúrú! Felix fẹnu ara ẹ̀ sọ fún mi!"

Ó wò mí bí ẹni pé èmi náà wà lára àwọn ọ̀tá. "Aunty Keziah, ẹni tó ń bá mi gbàdúrà lẹ ń sọ yẹn?"

Kò pẹ́ sígbà náà ni Díákónì ránṣẹ́ pe Martha. Ó ní òun ti dárí ji ọmọ rẹ̀, pé kó wá máa bá òun ta tíkẹ́ẹ̀tì, torí pé ọmọ opó ò gbọdọ̀ jókòó sílé lásán. Ìṣojú mi ni Martha fi orúnkún méjèèjì kúnlẹ̀ lórí sìmẹ́ǹtì, tó ń súre fún un títí tí ohùn rẹ̀ fi há. Mo padà sídìí ẹ̀rọ fọ́tòkópì mi.

Felix ló kọ́ Adédiwúrà níṣẹ́. Lọ́jọ́ kan tí Díákónì lọ sí ìpàdé ìjọ, ọmọ náà jáde wá bá mi.

"Aunty, mo ti rí nọ́ńbà yẹn. Wọ́n ti fún mi ní password."

"Yí i! Yí i kíákíá, ọmọ mi!"

Ó wolẹ̀. "Màmá mi ní tí mo bá fọwọ́ kan nǹkan kan níbẹ̀, àwọn ò bí mi. Wọ́n ní ẹni tó ṣe wá lóore ni Díákónì."

Obìnrin kan wọlé lásìkò yẹn, ó ní òun fẹ́ fi fọ́ọ̀mù iṣẹ́ ránṣẹ́, pé ọjọ́ náà ni wọ́n máa tì í. Adédiwúrà ta tíkẹ́ẹ̀tì fún un, ó sì fi ẹ̀rọ kan hàn án níta.

"Ṣé nẹ́tíwọ̀ọ̀kì yín dáa lónìí?" ni obìnrin náà béèrè.

"Ó dáa, ma," ni Adédiwúrà wí.