Lẹ́tà Mẹ́ta Lára Ògiri

Ọdún mọ́kàndínlógójì ni Màmá Ọlọ́wọ́-Ẹ̀rọ̀ fi wọ́ ara fún àwọn tí ẹ̀yìn ń dùn, àwọn tí ọrùn wọn gan, àwọn tí ẹsẹ̀ wọn wú nítorí ìdúró pípẹ́, kò sì sí ọjọ́ kan tí ẹnikẹ́ni wọ́ òun náà lára. Ọwọ́ rẹ̀ ni wọ́n wò tí wọ́n fi sọ ọ́ ní orúkọ yẹn. Wọ́n ní bó bá ti gbé e lé èèyàn léjìká báyìí, ara á rọ̀ pẹ̀sẹ̀, oorun á sì yọ́ wọlé. Àmọ́ ọjọ́ ti lọ. Èjìká tirẹ̀ gan-an ló wá le bí igi, tí kò fi lè gbé ọwọ́ ọ̀tún dé àárín orí kó ya irun ara rẹ̀. Aládùúgbò tó bá kọjá ló ń bẹ̀ pé kó bá òun yà á, bó sì ṣe wu oníkálukú ló ń yà á, tó fi jẹ́ pé orí Màmá lọ́sẹ̀ yẹn kò jọ orí ẹni tó ní ọmọ.

Nígbà tó sú u, ó mú ọ̀pá rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́bọ̀ kan, ó ní òun ń lọ sí ilé ìwọ́ra tí ọmọ ọmọ òun ti ń ṣiṣẹ́, òun á jókòó sórí bẹ́ǹṣì bíi ti oníbàárà yòókù títí wọn á fi pe òun.

Àtẹ́lẹwọ́ ló máa ń pe ọmọ ọmọ náà. Nígbà tó wà ní jòjòló, àtẹ́lẹwọ́ ìyá àgbà ló gbọ́dọ̀ dì mú kó tó lè sùn. Ibẹ̀ náà ló ti kọ́ iṣẹ́: bí wọ́n ṣe ń fi ìka wá ibi tí iṣan ti dì, bí wọ́n ṣe ń dúró dè é kó tú fúnra rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló lọ kọ́ ọ ní ilé ẹ̀kọ́ fún ọdún méjì, ó gba ìwé ẹ̀rí, wọ́n fi gíláàsì bo ìwé náà, wọ́n gbé e kọ́. Inú Màmá dùn, àmọ́ ó máa ń rò ó lọ́kàn pé kí tilẹ̀ ni wọ́n fi ọdún méjì kọ́ èèyàn lórí ẹ̀yìn tí gbogbo wa ní.

Obìnrin tó ni ilé ìwọ́ra náà kì í ṣe àjèjì. Ọmọ iṣẹ́ Màmá ni nígbà kan. Ọwọ́ rẹ̀ wúwo nígbà náà tó fi jẹ́ pé "pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́" ni àwọn oníbàárà máa ń pariwo lábẹ́ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni Màmá ṣe sọ ọ́ ní Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ó ti di ọ̀gá báyìí. Yàrá mẹ́ta ló ní, kọ́tìnnì aláwọ̀ ewé lẹ́nu ọ̀nà kọ̀ọ̀kan lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó sì fẹ́ ṣí ẹ̀ka kejì. Àtẹ́lẹwọ́ ló fẹ́ fi ṣe olórí ibẹ̀. Kò sí ilé kan ní àdúgbò Màmá tí kò tíì gbọ́ ọ̀rọ̀ náà, nítorí Màmá fúnra rẹ̀ ló ń rò ó kiri. Ìyá tó ń gbé lẹ́nu ọ̀nà kejì ti gbọ́ ọ tó ìgbà mẹ́fà. Òun náà ló sì wà lórí bẹ́ǹṣì láàárọ̀ yẹn, ó fọwọ́ di ìbàdí mú.

Nígbà tó kan Màmá, Àtẹ́lẹwọ́ mú un wọ yàrá àárín. Bẹ́ẹ̀dì gíga kan wà níbẹ̀ tó ní ihò lápá orí. Màmá wo ihò náà títí, ó bi í léèrè bóyá orí òun ni wọ́n fẹ́ kó já bọ́ síbẹ̀. Àtẹ́lẹwọ́ ní ojú ni wọ́n ń gbé síbẹ̀, kí ọrùn má baà rọ́. Ìgò òróró wà nínú abọ́ omi gbígbóná, aṣọ ìnura funfun mẹ́rin wà lórí tábìlì. Ọmọ náà ní kí Màmá bọ́ èwù òkè, kó dùbúlẹ̀, kó fi aṣọ ìnura bo ara, òun ń jáde ná. Ó jáde lóòótọ́. Nígbà tó yá, ilẹ̀kùn dún kó-kó-kó.

"Ta nìyẹn?" ni Màmá wí.

"Èmi ni, Màmá. Ṣé kí n wọlé?"

"Ṣebí ìwọ náà lo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde."

Ó wọlé, ó fọ ọwọ́, ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì. "Màmá, ṣé kí n fọwọ́ kan èjìká yín?"

Màmá gbé orí sókè kúrò nínú ihò. Ó ní òun tí òun wẹ̀ ẹ́ láti ọjọ́ tó délé ayé, tí òun mọ gbogbo àmì ara rẹ̀, ọmọ náà ló wá ń tọrọ ààyè lọ́wọ́ òun. Àtẹ́lẹwọ́ rẹ́rìn-ín, ó ní gbogbo èèyàn lòun ń bi, òun kò lè yọ Màmá sílẹ̀.

Màmá fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ àwàdà mìíràn, àmọ́ ó tún gbé ojú padà sínú ihò. Ó ń wá a lọ́kàn, ta ló ti bi òun léèrè rí kó tó fọwọ́ kan òun? Ọkọ rẹ̀ kò bi í. Àwọn nọ́ọ̀sì kò bi í, ọmọ márùn-ún tó bí kò bi í, aránṣọ tó ń wọn àyà rẹ̀ kò bi í. Ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́rin lòun, òní ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bi òun.

"Fọwọ́ kàn án," ló wí, ohùn rẹ̀ sì rẹlẹ̀.

Kí ọmọ náà tó bẹ̀rẹ̀, ó nawọ́ sí bébà kan lára ògiri. Màmá kò mọ̀wé tó bẹ́ẹ̀, àmọ́ lẹ́tà mẹ́ta péré ló wà níbẹ̀, wọ́n sì tóbi. Ó pè wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan: Ó TÓ. Àtẹ́lẹwọ́ ní bó bá ti dun Màmá jù, tàbí tí ara rẹ̀ kò kàn fẹ́ mọ́, kó ṣáà ti sọ ọ́, ọwọ́ òun á kúrò lójú ẹsẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni bí òun bá sọ ọ́, iṣẹ́ ti parí nìyẹn, oníbàárà á múra, á máa lọ.

Ọwọ́ ọmọ náà dára. Màmá mọ ọwọ́ ara rẹ̀ nínú rẹ̀. Nígbà tí èjìká bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀, ẹnu rẹ̀ náà rọ̀, ó béèrè bí ẹni tí kò ní nǹkan lọ́kàn pé kí ló ń ṣe ìyá ẹnu ọ̀nà kejì ní ìbàdí.

"Mi ò lè sọ, Màmá."

"Fún èmi?"

"Fún ẹ̀yin gan-an."

Màmá pòṣé sínú ihò. Àmọ́ nǹkan kan ń rẹ́rìn-ín nínú rẹ̀.

Wọn kò tíì débi apá òsì tí wọ́n tún kan ilẹ̀kùn. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ni. Ó ní ẹ jọ̀ọ́, òun mọ̀ pé oníbàárà wà lórí bẹ́ẹ̀dì, àmọ́ Màmá gan-an lòun fẹ́ rí. Màmá jókòó, ó fi aṣọ ìnura wé ara, ó ní kó wọlé. Obìnrin náà kúnlẹ̀ kí i, ó sì ń fa ọ̀rọ̀ nílẹ̀ títí ó fi jáde.

Kọngílá, ọkùnrin agbaṣẹ́ṣe kan, ló wà níta. Òun ló ni ilé tuntun ní ìkóríta tí wọ́n fẹ́ fi ṣe ẹ̀ka kejì. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Àtẹ́lẹwọ́ ń wọ́ ẹ̀yìn rẹ̀ ní yàrá yìí, ni ọkùnrin náà bá ti aṣọ ìnura dànù, ó di ọmọ náà lọ́rùn ọwọ́ mú, ó ní iṣẹ́ kan kù tí kò sí nínú ìwé. Àtẹ́lẹwọ́ sọ pé ó tó. Ó yọ ọwọ́ rẹ̀, ó jáde, ó kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé iṣẹ́, pẹ̀lú déètì. Kọngílá wá padà dé lónìí. Ó ní kí ọmọ náà wá bẹ òun, kó sì wá parí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Bí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, kí wọ́n lọ wá ilé mìíràn.

"Màmá, ẹ bá mi bá a sọ̀rọ̀," ni Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ wí. "Ẹ̀bẹ̀ ẹnu lásán ni. Àwa méjèèjì lẹ kọ́ níṣẹ́. Tí ẹ bá ti sọ̀rọ̀, ó parí."

Màmá wo ọmọ ọmọ rẹ̀. Àtẹ́lẹwọ́ kó ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn. "Màmá, kò sí ohun tí ẹ rán mi tí mi ò jẹ́ rí," ló wí. "Èyí nìkan ni mi ò ní jẹ́. Tó bá jẹ́ pé mo máa tìtorí ẹ̀ kúrò níbí, màá kúrò."

Ó yẹ kí Màmá ti dáhùn kíá. Kò lè purọ́ fún ara rẹ̀, ìyá ẹnu ọ̀nà kejì ló kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn. Ó rí i lójú ọkàn bó ṣe máa ṣu ẹnu jọ, tó máa béèrè pé ẹ̀ka kejì ọ̀hún ńkọ́. "Lọ bẹ̀ ẹ́" ti wà lórí ahọ́n rẹ̀. Ó gbé e mì, ó kọjú sí Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

"Ìwọ ńkọ́? Tí oníbàárà bá dì ọ́ lọ́wọ́ mú, kí lo máa ń ṣe?"

Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ní òun máa ń rẹ́rìn-ín ni. Òun á ní bàbá ń ṣeré, òun á fi ọgbọ́n yọ ọwọ́ òun.

"Ta ló kọ́ ọ?"

Obìnrin náà ń fi ìka pa etí aṣọ iṣẹ́ rẹ̀. "Ẹ̀yin ni, Màmá. Lọ́jọ́ tí Ọlọ́kọ̀, oníbàárà yín yẹn, wá. Ẹ ní kí n gbé omi gbígbóná wá, mo ti dé ẹnu ọ̀nà. Mo gbọ́ tí ẹ ń rẹ́rìn-ín. Mo ní áà, bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyí."

Màmá kò mọ̀ pé ẹnì kan wà lẹ́nu ọ̀nà lọ́jọ́ náà. Ọdún mẹ́tàlélógún ni. Ó rántí òrùka ọkùnrin náà, bó ṣe tutù lọ́rùn ọwọ́ òun. Ó rántí pé ẹ̀ẹ̀mẹta lòun fi ọṣẹ fọ ọwọ́ yẹn kí òun tó lè gbé oúnjẹ ọkọ òun, òun kò sì sọ nǹkan kan fún un títí ó fi kú. Ọmọ ọmọ òun lòun fún ní ọwọ́ òun. Èyí tó wà lórí eékún yìí, ẹ̀rín yẹn ló gbà.

"Ẹ̀rín yẹn kì í ṣe ẹ̀rín," ló wí. "Mi ò ní ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ ni. Ká ní mo ní in, ǹ bá ti sọ ọ́." Ó na ọ̀pá sí ògiri. "Ọmọ yìí ní in. Èmi tí mi ò lè ka orúkọ àdúgbò mi, mo kà á. Ìwọ tí o lẹ̀ ẹ́ mọ́bẹ̀, ṣé o kà á?"

Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ wo bébà náà bí ẹni pé òní ni wọ́n lẹ̀ ẹ́. Ó dìde, ó gbọn eékún, ó jáde.

Wọ́n gbọ́ gbogbo rẹ̀ láti ibi kọ́tìnnì. Kọngílá béèrè bóyá ọmọ náà ti ṣe tán láti bẹ òun. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ní rárá, sà, kò ní bẹ̀ yín, kò sì sí ẹni tó máa wọ́ yín lára níbí mọ́. Kọngílá rẹ́rìn-ín. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka yàrá tó wà nínú ilé rẹ̀, ó ní mẹ́fà ni, ó ní fèrèsé wọn ń wo títì, ó bi í bóyá ó mọ ohun tó ń fẹnu ara rẹ̀ sọ. Màmá bá gbọ́ nǹkan kan ní ọ̀fun Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ẹ̀rín ni, ẹ̀rín àtijọ́ yẹn, ó ń bọ̀ díẹ̀díẹ̀. Màmá gbé ọ̀pá sókè, ó fi gún ilẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Ẹ̀rín náà dúró.

"Ó tó, sà," ni Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ wí.

Bàtà Kọngílá dún títí dé ẹnu ọ̀nà, ó sì dún jáde. Ṣọ́ọ̀bù bàtà ló wà nínú ilé ìkóríta náà títí di òní. Ẹ̀ka kejì kò ṣí lọ́dún yẹn.

Àtẹ́lẹwọ́ tún ọwọ́ rẹ̀ fọ̀. Omijé wà lójú rẹ̀ àmọ́ kò jẹ́ kó kán sínú òróró. Màmá ti padà dojú bo inú ihò.

"Màmá, ṣé kí n máa bá a lọ?"

"Máa bá a lọ."

Nígbà tó ṣe, ọmọ náà béèrè pé ṣé ó tó. Màmá ní kò tíì tó, apá òsì kù.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Màmá gbé àpótí síta, ó jókòó síwájú ilé níbi tí gbogbo ẹni tó ń lọ síbi iṣẹ́ á ti rí i, ó gbé ọwọ́ ọ̀tún sókè dé àárín orí, ó ń ya irun ara rẹ̀. Irun náà kò pọ̀, àmọ́ ó yà á fún nǹkan bíi wákàtí kan. Ẹni tó bá béèrè ẹni tó tọ́jú èjìká náà, ó ní ọmọ ọmọ òun ni, oníwèé ẹ̀rí, ọdún méjì gbáko ló fi kọ́ ọ.

Ìyá ẹnu ọ̀nà kejì náà jáde, ó fọwọ́ di ìbàdí mú. Ó wà lórí bẹ́ǹṣì lánàá, ó gbọ́ gbogbo rẹ̀. Màmá ń dúró de ìbéèrè ẹ̀ka kejì, kò sì gbọ́ ọ. Ohun tí obìnrin náà béèrè, ohùn ìsàlẹ̀ ló fi béèrè rẹ̀: ṣé Àtẹ́lẹwọ́ ti sọ ohun tó ń ṣe òun ní ìbàdí fún Màmá?

"Kò sọ," ni Màmá wí, ó na ọrùn bí ẹni tí wọ́n fún ní oyè. "Mo béèrè o. Kò sọ fún mi."