Pákó tí Ẹ̀gbọ́n Mi Fi Ń Ka Èébú

Káfíńtà ni bàbá wa. Ohun tó fi lé ẹ̀gbọ́n mi lọ́wọ́ kó tó kú kò ju méjì lọ: ẹ̀rọ ìlagi tí wọ́n fi bóòtù mẹ́rin dè mọ́lẹ̀ láàárín ṣọ́ọ̀bù, àti ọ̀rọ̀ kan. Ó ní igi gidi máa ń mú ayùn ké. Èyí tí ayùn bá gba inú rẹ̀ kọjá wọ́ọ́rọ́wọ́, igi ìdáná ni.

Èmi, bàtà ni mò ń tún ṣe. Pákó lásán ló pààlà ṣọ́ọ̀bù mi àti tirẹ̀. Bó bá sín, èmi ni mo ń kí i.

Lọ́dún tó kọjá, ẹ̀gbọ́n mi bẹ̀rẹ̀ sí í ra owó ayélujára kan, irú owó tí èèyàn kì í fọwọ́ kàn, tó jẹ́ pé inú fóònù ló ń gbé. Ìràwọ̀ ni wọ́n ń pè é. Kò pẹ́ ni ọkùnrin kan tó máa ń sọ̀rọ̀ ọrọ̀ ajé lórí rédíò bá ní òfo ni Ìràwọ̀, ẹni tó bá rà á, afẹ́fẹ́ ló rà. Mo rò pé ẹ̀gbọ́n mi á sá. Ẹ̀rín ló rín. Ó yọ pẹ́ńsùlù létí, ó fa ìlà kan sára pákó tó wà lára ògiri.

“Àbúrò, o ò gbọ́ bí ayùn ṣe ń ké? Igi eléso ni à ń sọ lókò. Ta ní í bá igi gbígbẹ jà?”

Láti ọjọ́ náà, ẹnikẹ́ni tó bá bú Ìràwọ̀, ìlà kan. Nígbà tí ìlà di mẹ́jọ, ó sọ ọ́ fún ìyàwó rẹ̀: bó bá pé mẹ́wàá, òun á ta ẹ̀rọ bàbá wa, òun á fi ra Ìràwọ̀ sí i.

Ìyàwó rẹ̀ sáré wá bá mi, ó jókòó lé àpótí bàtà.

“Ọkọ mi, ẹ bá mi bá a sọ̀rọ̀. Bí ẹ̀rọ yẹn bá lọ, kí ló fẹ́ máa fi lagi, eyín?”

Mo lọ. Mo dọ̀bálẹ̀ pàápàá.

“Ẹ̀gbọ́n, ìṣó tó bá fara pamọ́ sínú igi jíjẹrà náà ń mú ayùn ké. Ẹ rántí èyí tó ká eyín ayùn bàbá? Ariwo kì í ṣe ẹ̀rí. Òfo ni nǹkan yìí, ẹ̀gbọ́n, òfo burúkú!”

Ó tẹjú mọ́lẹ̀. Mo ní ọ̀rọ̀ ti wọlé. Àṣé pẹ́ńsùlù ló ń wá.

“Ìkẹsàn-án nìyẹn. Bí ìwọ tí o ò mọ fóònù tẹ̀ bá ti ń bú u, Ìràwọ̀ ti délé.”

Mo padà lọ bá ìyàwó rẹ̀, ojú tì mí. A jọ fẹnu kò pé kẹ́nikẹ́ni nínú wa má wí nǹkan kan mọ́. Ó gbìyànjú o, ó tó ọjọ́ mẹ́ta. Lọ́jọ́ kẹrin, ó bá ọkọ rẹ̀ níbi tó ti ń da epo sídìí bóòtù kó lè rọ̀, ẹnu já.

“Ìràwọ̀ yín yẹn, ìràwọ̀ ọ̀sán ni!”

Ìkẹwàá.

Wọ́n gbé ẹ̀rọ lọ. Ihò mẹ́rin ló kù nílẹ̀.

Lẹ́yìn oṣù méjì, kò sẹ́ni tó ń bú Ìràwọ̀ mọ́. Kò sẹ́ni tó ń yìn ín náà. Ọkùnrin orí rédíò ti kọjú sí owó epo. Nínú fóònù, iye rẹ̀ ń yòrò bí ọṣẹ tí wọ́n gbàgbé sínú omi.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ẹ̀gbọ́n mi wọlé tọ̀ mí wá. Kò sí lẹ́búlẹ́bú igi lára aṣọ rẹ̀. Ó há pákó sí abíyá.

“Àbúrò, sọ nǹkan sí i.”

“Sí kí ni?”

“Sí Ìràwọ̀. Bú u. Ìlà kan péré.”

Èmi tí mo lè bú ènìyàn láti àárọ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú, mo wá èébú nínú mi, n kò rí. A kì í sọ òkò sí ibi tí igi ti wà rí. Àmọ́ ẹ̀gbọ́n mi ni, ó sì ti na pẹ́ńsùlù.

“Òfo ni,” mo sọ ọ́ wẹ́lẹ́, bí ẹni tó ń kí olókùú.

Pẹ́ńsùlù kan pákó, kò fà á.

“Bẹ́ẹ̀ kọ́ lo ṣe sọ ọ́ lọ́jọ́sí,” ó wí. “Inú ń bí ọ lọ́jọ́ yẹn. Tún un sọ.”