Àga Mẹ́ta, Fọ́tò Kan

Láti ìgbà tí fóònù Ọmọ́níyì, àbúrò mi, kò ti lọ mọ́ ni ìyá wa kò ti jẹun gidi. Líbíà ló ti pè wá kẹ́yìn, ó ní àwọn fẹ́ wọ ọkọ̀ ojú omi. Àwọn tí wọ́n jọ lọ ti ránṣẹ́ sí wa pé ọkọ̀ náà dojú dé. Ìyá mi ní irọ́ ni wọ́n ń pa.

Èmi ni mo wà lọ́dọ̀ rẹ̀ ní Oǹdó. Èmi ni mò ń se ọbẹ̀, èmi ni mò ń bẹ̀ ẹ́ títí ẹnu mi fi gbẹ, síbẹ̀ ọmọ tó lọ nìkan ni ojú rẹ̀ ń wá. Ó ń ká mi lára, mi ò ní purọ́. Nígbà tó wá sọ pé òun fẹ́ fọ́tò kan tí àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà nínú rẹ̀, pé bí òun bá ti rí i òun á jẹun, kíá ni mo mú un lọ sí Àkúrẹ́, sọ́dọ̀ Adélaní tó ń ya fọ́tò ní Arákalẹ̀.

Adélaní to àga mẹ́ta. Ìyá mi ní kí èmi wà láàárín, bí a ṣe máa ń jókòó ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ó jókòó sí ọ̀tún mi, àga òsì ṣófo. Adélaní gbé kámẹ́rà rẹ̀ lé orí irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, ó ní ẹ̀ẹ̀mejì lòun máa tẹ̀ ẹ́, méjèèjì á sì para pọ̀ di fọ́tò kan. Ó tẹ̀ ẹ́. Lẹ́yìn náà ló gbé fọ́tò Ọmọ́níyì tí a fún un, tó ti mú kó tóbi tó ènìyàn, sórí àga òsì, ó tún tẹ̀ ẹ́.

Nígbà tó fi hàn wá, a pé mẹ́ta lóòótọ́, ṣùgbọ́n Ọmọ́níyì fẹ́lẹ́ bí ọ̀rá. Kọ́tìnì tó wà lẹ́yìn àga hàn láti inú àyà rẹ̀.

“Kí ló dé tí ara èmi àti Yéjídé ki, tí tirẹ̀ kò ki?” ìyá mi béèrè.

“Màmá, ẹ̀yin méjèèjì wà níbẹ̀ nígbà méjèèjì tí mo tẹ̀ ẹ́. Òun kò sí níbẹ̀ nígbà àkọ́kọ́. Bí ẹni tí kò bá dúró parí ṣe máa ń yọ nìyẹn. Màá fi kọ̀ǹpútà tún un ṣe, ẹ má ṣèyọnu.”

Ìyá mi wo fọ́tò náà pẹ́. “Má fi kọ̀ǹpútà kàn án,” ló ní. “Tún wa yà.”

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, inú mi sì dùn. Mo ti ń ro iyán tí màá gún fún un bí a bá délé.

A jókòó, Adélaní tẹ̀ ẹ́. Bó ṣe ń gbé Ọmọ́níyì sórí àga ni ìyá mi dìde, ó lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà.

“Yèyé, ẹ padà wá jókòó,” mo ní, mo fẹ́ dìde.

“Má mira, Yéjídé. Adélaní, tẹ̀ ẹ́, ọmọ mi.”

Adélaní wò mí, èmi náà wò ó. Ó tẹ̀ ẹ́.

Nínú fọ́tò yẹn, kọ́tìnì hàn láti inú àyà àwọn méjèèjì. Èmi nìkan ni ara mi ki láàárín wọn. Ìyá mi ní èyí gan-an lòun fẹ́, ó gbá a mọ́ àyà títí a fi dé Oǹdó.

Mo gún iyán, mo gbé e síwájú rẹ̀, mo rán an létí ohun tó ṣèlérí. Ó rọra tì í sọ́dọ̀ mi.

“Ìwọ ni kó o jẹ ẹ́,” ló ní. “Ìwọ lo dúró parí.”

Mo bu òkèlè kan. Mo nà án sí i lẹ́nu.