Orúkọ Fọláyọ̀ àti Ìràwọ̀ Onírù

Èṣùbíyì ni àwọn ará Òkè-Ogbò máa ń ránṣẹ́ sí bí wọ́n bá fẹ́ kọ orúkọ òkú wọn sára ibojì. Kì í ṣe ìyẹn nìkan ló ń ṣe. Pátákó ṣọ́ọ̀bù, ara ọkọ̀ akẹ́rù, ògiri ilé ẹ̀kọ́, gbogbo rẹ̀ ló ń kọ. Ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ balẹ̀ lórí sìmẹ́ǹtì ju ibikíbi lọ. Bí arúgbó kan bá kú ládùúgbò, tí àwọn ọmọ sin ín tán, tí àlejò ti túká, Èṣùbíyì ni yóò gbé búrọ́ọ̀ṣì rẹ̀ wá, yóò kúnlẹ̀ níwájú ibojì náà, yóò sì kọ orúkọ olóògbé sí i, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan á dúró ṣánṣán.

Orúkọ kan wà tí kò kọ rí. Fọláyọ̀, ọmọbìnrin rẹ̀ àgbà, kú ní ọdún bí i méjì sẹ́yìn, ibà ló pa á. Nílẹ̀ wa, bàbá àti ìyá kì í mọ ojú oórì ọmọ wọn. Àwọn ẹbí mú Èṣùbíyì àti Comfort ìyàwó rẹ̀ wọ yàrá, wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ wọn. Nígbà tí wọ́n fi máa ṣí i, gbogbo rẹ̀ ti parí. Wọ́n ti kó aṣọ ọmọ náà lọ, wọ́n ti kó ìwé àti bàtà rẹ̀. Àní wọ́n kó orúkọ rẹ̀ lọ pẹ̀lú. Comfort, tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Ìyá Fọláyọ̀ tẹ́lẹ̀, di Ìyá Ọlámilékan nítorí àbúrò tó kù nílẹ̀, kò sì sí ẹni tó tún ṣì í pè láti ọjọ́ náà.

Hakeem kò mọ nǹkan kan nínú èyí. Ọmọ Ìpetumodù ni, ó ń ṣiṣẹ́ nínú yàrá kọ̀ǹpútà ní yunifásítì, kò sì tíì pẹ́ tó háyà yàrá iwájú nínú ilé Èṣùbíyì lọ́nà Mayfair. Ní ìgbà òjò ọdún 1998, ó ti ibi iṣẹ́ dé ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó bá Èṣùbíyì níbi tó ti ń fọ búrọ́ọ̀ṣì.

“Bàbá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi lórúkọ yín.”

“Inú ilé mi lo ń sùn, o ò mọ orúkọ mi?”

“Mo mọ̀ ọ́n, sà. Mo fẹ́ fi rán ọkọ̀ ni.”

Ó jókòó, ó ṣàlàyé. Ó ní àwọn ará Amẹ́ríkà ń kan ọkọ̀ òfuurufú kan tí kò ní awakọ̀ nínú, pé bí ọdún tó ń bọ̀ bá wọlé yóò gbéra, yóò lọ pàdé ìràwọ̀ onírù kan lókè lọ́hùn-ún. Yìnyín àti erùpẹ̀ ni ìràwọ̀ náà. Yóò yí oòrùn po, yóò lọ jìnnà réré, lẹ́yìn ọdún mélòó kan yóò tún padà wá. Ẹni tó bá wù lágbàáyé lè fi orúkọ ránṣẹ́ láti orí kọ̀ǹpútà, wọn yóò fín in sára nǹkan pẹlẹbẹ kan tí kò tó èékánná, ọkọ̀ náà yóò sì gbé e lọ.

Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ọwọ́ ló kọ́kọ́ wọ Èṣùbíyì létí. “Báwo ni lẹ́tà wọn ṣe tóbi tó?”

“Kò tóbi rárá, sà. Irun orí nípọn jù ú lọ.”

“Ta ni yóò wá rí i kà?”

“Kò sí ẹni tí yóò kà á. Ó kàn máa wà níbẹ̀ ni.”

Èṣùbíyì gbé búrọ́ọ̀ṣì kalẹ̀. Ó dárúkọ ara rẹ̀, ó dárúkọ Comfort, ó dárúkọ Ọlámilékan. Lẹ́yìn náà ó tún gbé búrọ́ọ̀ṣì rẹ̀, Hakeem sì rò pé ó ti parí.

“Kọ Fọláyọ̀ sí i.”

“Ẹ̀gbọ́n Ọlámilékan ni, sà? Mi ò tíì rí wọn rí.”

“Ó rìnrìn àjò,” ni Èṣùbíyì wí, ó sì wọlé.

Ní àárọ̀ Sátidé, Comfort ń ṣa ẹ̀wà lẹ́yìnkùlé. Hakeem mú ìwé rẹ̀ dání wá, ó ṣàlàyé ọkọ̀ àti ìràwọ̀ tó ń lọ tó ń bọ̀ náà fún un, ó ní kí Màmá jọ̀ọ́ gbọ́ orúkọ náà kí òun má baà kọ ọ́ sódì. Ó kà á títí ó fi kan ti ìkẹyìn. Ọwọ́ Comfort dúró sínú ẹ̀wà.

“Ta ló fún ọ lórúkọ yẹn?”

“Bàbá ni, mà.”

“Pa á rẹ́. Ẹni tó ni ín ti kú.”

Hakeem kúnlẹ̀ sórí ilẹ̀ tútù. “Inná lílááhì. Màmá, ẹ foríjì mí. Mi ò mọ̀.”

“O ò lè mọ̀. Ẹni tó mọ̀ ló ń bọ̀ yẹn.”

Èṣùbíyì ti gbọ́ ohùn wọn, ó ti yọ sí ẹnu ọ̀nà.

“Bàbá Ọlámilékan, ẹ̀yin lẹ ṣe báyìí?”

“Èmi ni.”

“Ohun tó ń lọ tó ń bọ̀. Ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu ọmọ yìí pé ó ń lọ ó ń bọ̀, ẹ wá di ọmọ mi mọ́ ọn.”

Ọ̀rọ̀ náà ní ìdí. Ọmọ méjì ló ti bọ́ mọ́ Comfort lọ́wọ́ kí wọ́n tó bí Fọláyọ̀, kò sí èyí tó dàgbà tó já lẹ́nu ọmú. Lọ́jọ́ tí Fọláyọ̀ dé, ìyá ọkọ rẹ̀ wo àmì tó wà létí ọmọ náà, ó ní àbíkú ni, ẹni yẹn náà ló tún yà. Comfort ní ṣọ́ọ̀ṣì lòun ń lọ, òun ò gbà á gbọ́. Síbẹ̀ kò sùn wọra mọ́ títí ọmọ fi balágà.

“Ẹ ò mọ ohun tí mo sọ fún un,” ni Comfort wí. Ohùn rẹ̀ kò ga. “Nígbà tí mo rí i pé kò ní dìde mọ́, mo fẹnu sí i létí, mo ní kó máa lọ. Mo ní kó lọ sinmi, kó má tún padà wá jìyà. Èmi tí mo bí i ni mo sọ ọ́. Ẹ wá fẹ́ kí n tún máa wọ̀nà.”

Èṣùbíyì fẹ̀yìn ti ògiri.

“Mi ò ní kó padà. Òkú gbogbo ènìyàn ni mo ń kọ, Comfort. Mo fẹ́ kí tèmi náà wà níbì kan tí mo mọ̀ ni.”

Comfort yíjú sí Hakeem. “Dìde. Kí ló máa padà wá nínú ohun tẹ́ ẹ ń wí yìí? Má tan mí.”

Èṣùbíyì wo ọmọkùnrin náà bí ẹni tó ń bẹ̀ ẹ́ pé kó bu ọ̀rọ̀ náà kù. Hakeem rí i, ṣùgbọ́n kò bù ú kù. Ó ní ibi méjì ni wọn yóò fín orúkọ náà sí. Ọ̀kan wà lára ọkọ̀, ìyẹn kò ní padà sílé ayé láéláé. Ìkejì wà nínú igbá kan tí ọkọ̀ yóò jù sílẹ̀ bó bá padà kọjá lẹ́bàá ayé. Ó ní nítorí igbá yẹn gan-an ni wọ́n ṣe ń lọ. Ọkọ̀ náà yóò na àwo síta nínú ìrù ìràwọ̀ bí ẹni tó ń gbe òjò, erùpẹ̀ rẹ̀ yóò lẹ̀ mọ́ ọn, inú igbá ni wọn yóò sì dé e mọ́ bọ̀ wálé.

“Erùpẹ̀ ni wọ́n ń lọ bù?”

“Erùpẹ̀ ni, mà. Wọ́n ní ó ti wà kí ilẹ̀ tá a dúró lé yìí tó wà.”

Comfort gbọn ìdọ̀tí ẹ̀wà kúrò lọ́wọ́. Nígbà tó sin ìyá rẹ̀, wọ́n bu erùpẹ̀ lé e lọ́wọ́, ó dà á sí i, ó sì sunkún tẹ́rùn. Lọ́jọ́ ti Fọláyọ̀, ilẹ̀kùn ló ń gbọ́ tí wọ́n ń tì.

“Wọn ò jẹ́ kí n bu erùpẹ̀ kankan sí i,” ni ó wí. “Bó bá jẹ́ erùpẹ̀ ni orúkọ rẹ̀ máa bá wálé, ọmọ kọ́ ló padà yẹn. Erùpẹ̀ tèmi ni.”

Ó yíjú sí ọkọ rẹ̀.

“Ẹ kọ ọ́. Kì í ṣe Hakeem. Ẹ̀yin bàbá rẹ̀ ni kẹ́ ẹ kọ ọ́.”

Èṣùbíyì jókòó lórí àpótí, ó gba bírò. Ó kọ́kọ́ fa ìlà méjì bó ṣe máa ń fà á lórí sìmẹ́ǹtì, lókè àti nísàlẹ̀. Ó kọ ọ́ díẹ̀díẹ̀, Comfort sì dúró lé e lórí títí ó fi fi àmì ohùn sórí lẹ́tà ìkẹyìn. Hakeem ní ẹ̀rọ àwọn òyìnbó náà kò gba àmì.

“Fi ránṣẹ́ bó bá ṣe gbà á,” ni Èṣùbíyì wí. “Èmi ti fi sí i.”

Nígbà tí Hakeem ti ibi iṣẹ́ dé lọ́jọ́ Mọ́ńdè, Comfort ti ń dúró dè é.

“Ó ti lọ, mà.”

“Wọ́n gbà á dáadáa?”

“Ẹ̀rọ wọn fèsì. Wọ́n dúpẹ́.”

Ó ní kó jókòó, ó gbé ìrẹsì fún un, ó gbé ti Èṣùbíyì náà kalẹ̀. Ó fi ẹja lé ìrẹsì náà lórí.

“Fọláyọ̀ kì í kọ́kọ́ jẹ ẹja,” ni ó wí. “Abẹ́ ìrẹsì ló máa ń rì í mọ́, pé kí àbúrò òun má baà rí i. Yóò wá máa jẹun lọ bí ẹni tí kò mọ nǹkan kan.”

Èṣùbíyì gbé ṣíbí sílẹ̀, ó ń gbọ́. Comfort ń sọ ọ́ lọ.