Oníduùró fún Gelas

"Ẹ̀yìn ni kí ẹ jókòó sí," Runak ń sọ fún un. "Bó ti wù kí dírẹ́bà náà dàgbà tó, bó ti wù kó ní ẹ̀rín lẹ́nu tó, ẹ má jókòó síwájú takisí. Níbí, ìyàwó onímọ́tò ló ń jókòó síwájú."

Obìnrin òyìnbó náà, Ilona, tó ti ilẹ̀ Poland wá, gbé ìgbọ̀nwọ́ lé káńtà hòtẹ́ẹ̀lì, ó ń tẹ́tí bí ọmọ ilé-ìwé. Òjò ìbẹ̀rẹ̀ ọdún ń ta sí gíláàsì ilẹ̀kùn.

"Bí ẹnikẹ́ni bá sì bi yín pé ọkọ yín ńkọ́?"

"Mi ò lọ́kọ."

"Ẹ ti ní báyìí. Ọ̀la ló ń bọ̀. Ẹ ṣáà máa sọ pé ọ̀la ló ń bọ̀ títí ẹ ó fi kúrò ní ìlú Silemani yìí."

Ilona rẹ́rìn-ín. Runak ò tíì parí. Ó ní bí wọ́n bá pè é wá mu tíì nílé, kó kọ́kọ́ béèrè bóyá ìyá ilé wà níbẹ̀. Ó ní kó má gun òkè Goyje pẹ̀lú ẹni tí kò mọ̀ rí lẹ́yìn tí oòrùn bá ti wọ̀. Bí ọkùnrin bá ń tẹ̀lé e lójú títì, kó yà sí ṣọ́ọ̀bù tó bá súnmọ́ ọn jù, kó wá ẹni tó dàgbà jù níbẹ̀ kó sì fẹjọ́ sùn.

"Kí ni bàbá àgbà náà máa ṣe?"

"Ó máa bọ́ bàtà. Tó bá ti bọ́ bàtà, ìwọ ọkùnrin yẹn, o ti gbé."

Runak mọ iṣẹ́ yìí dunjú. Láti ọdún tó ti ń dúró sẹ́yìn káńtà yìí, obìnrin tó dá rìn ti wá láti oríṣiríṣi ilẹ̀, wọ́n sùn, wọ́n jí, wọ́n sì lọ ní àlàáfíà. Àwa ará Silemani fẹ́ràn àlejò, kì í ṣe irọ́. Ẹ̀rù ohun tí àlejò máa lọ sọ nípa wa sì ń bà wá, ìyẹn náà kì í ṣe irọ́.

Nígbà tí Ilona ti gba kọ́kọ́rọ́ tó sì ti gun àtẹ̀gùn lọ, obìnrin tó ti jókòó sẹ́bàá ilẹ̀kùn láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí dìde. Yóò tó ọmọ ọgbọ̀n ọdún. Ẹrẹ̀ wà lára bàtà rẹ̀, ó sì fi ọwọ́ gbé ẹ̀wù kan tí wọ́n ti lọ̀ dáadáa, tí wọ́n fi ọ̀rá bò kí òjò má bàa pa á.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, àbúrò mi. Yàrá kan ni mo ń fẹ́. Alẹ́ òní nìkan."

"Ẹ káàbọ̀, àǹtí. Ẹ̀yin àti ta ni?"

"Èmi nìkan."

Runak wo ẹ̀yìn rẹ̀ bí ẹni pé ẹnìkan lè ṣì wọlé. Orúkọ obìnrin náà ni Gelas, Penjwin ló ti wá, ìlú orí òkè nítòsí bodè. Nọ́ọ̀sì ni. Ọsibítù kan ní Silemani ti ní kó wá fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò láàárọ̀ ọjọ́ kejì, iṣẹ́ agbẹ̀bí, pẹ̀lú ibùgbé. Ó ti ń wá irú rẹ̀ láti ọdún mẹ́rin. Bí kò bá sùn sínú ìlú, kò sí bó ṣe máa débẹ̀ lásìkò.

"Kò sí ìṣòro," ni Runak wí, ṣùgbọ́n ìṣòro wà, ó sì mọ̀. Ó lọ bá ọ̀gá rẹ̀ nínú yàrá ẹ̀yìn.

Ọ̀gá Hoṣyar ń mu tíì, ó ń wo bọ́ọ̀lù. Kì í ṣe èèyàn burúkú. "Ọkọ rẹ̀ dà?" ló bi í.

"Kò lọ́kọ, ọ̀gá."

"Bàbá?"

"Ó ti kú."

"Kí ọkùnrin ilé wọn kan pè mí nígbà náà, kó dúró fún un. O mọ bá a ṣe ń ṣe é."

"Ọ̀gá, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fún òyìnbó ní yàrá, ẹ ò béèrè oníduùró."

"Òyìnbó ni ti òyìnbó. Ta ló mọ bàbá rẹ̀? Ọmọ tiwa, tó bá dá sùn síbí láìsí ẹni tó mọ̀ sí i, kí ni wọ́n máa máa pe hòtẹ́ẹ̀lì mi lọ́la? Ìjọba kọ́ ló ń bà mí lẹ́rù, Runak. Ẹnu ayé ni."

Wọ́n pe ìyá Gelas. Ìyá náà sọ pé ọmọ òun ni, òun mọ̀ sí i, òun bẹ̀ wọ́n. Ọ̀gá Hoṣyar dá fóònù padà pẹ̀lú ọ̀wọ̀ púpọ̀, ó ní ohùn ọkùnrin ni òun ń fẹ́.

"Ẹ ò lẹ́gbọ̀n-ọ́n ọkùnrin ni?" Runak bi Gelas.

Gelas wo ilẹ̀. "Mo ní ọ̀kan, Dilṣad. Ó rìnrìn àjò. Fóònù rẹ̀ ò lọ."

Fóònù tirẹ̀ náà ti kú. Runak gbà á, ó fi í sí ṣájì lẹ́yìn káńtà, ó ní kó lọ fọ ẹrẹ̀ bàtà rẹ̀, pé àwọn máa wá nǹkan ṣe sí i. Òótọ́ ni, ó fẹ́ wá nǹkan ṣe sí i. Àánú obìnrin náà ṣe é. Kò tíì pẹ́ tí Gelas wọ ilé ìwẹ̀ tí fóònù náà jí, tó sì bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Runak wo ojú rẹ̀. *Ẹ̀gbọ́n Dilṣad*.

Inú Runak dùn. Ẹ gbọ́ mi bí mo ṣe wí i: inú rẹ̀ dùn. Ó ní ọ̀nà ti là fún àǹtí yìí, ó sì gbé fóònù sétí.

"Ẹ ǹlẹ́ o. Àbúrò yín ló wà lọ́dọ̀ wa níbí, ní hòtẹ́ẹ̀lì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa bá ọ̀gá wa sọ gbólóhùn kan, pé ẹ mọ̀ sí i, ká lè fún un ní yàrá."

Ohùn ọkùnrin náà tutù bí omi àmù. "Ẹ ṣé gan-an, arábìnrin mi. Hòtẹ́ẹ̀lì wo lẹ pè é?"

Runak sọ fún un. Ó tún júwe ọ̀nà, pé ẹ̀yìn ọjà ńlá ni, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé búrẹ́dì. Ọ̀gá Hoṣyar gba fóònù, àwọn méjèèjì kí ara wọn dáadáa, wọ́n sì ṣàdúrà fún ara wọn. Nígbà tí Gelas jáde, kọ́kọ́rọ́ yàrá 204 ti wà lórí káńtà, ẹ̀rín sì wà lẹ́nu Runak.

"Ẹ gba kọ́kọ́rọ́ yín, àǹtí. Ẹ̀gbọ́n yín pè. Ó ti dúró fún yín."

Gelas ò fọwọ́ kan kọ́kọ́rọ́ náà. "Ṣé ó béèrè orúkọ ibí?"

"Ó béèrè."

"O sì sọ fún un."

Ẹyin lohùn, ó ti bọ́, ó sì ti fọ́. Gelas fà sẹ́yìn, ó jókòó sórí àga tó ti kúrò, ó gbé ẹ̀wù tí wọ́n ti lọ̀ náà lé ẹsẹ̀. Ó ṣàlàyé láìgbé ohùn sókè. Dilṣad ti ní àbúrò òun ò ní ṣiṣẹ́ òru láàárín ọkùnrin tí òun ò mọ̀. Ìyá wọn ló ti í jáde láàárọ̀ nígbà tí Dilṣad lọ sí oko, tó ní kó lọ kí àǹfààní yìí má bàa kọjá lórí rẹ̀.

"Ẹ jẹ́ kí n bá yín wá hòtẹ́ẹ̀lì mìíràn," Runak wí.

"Ìbéèrè kan náà ni wọ́n máa bi mí níbẹ̀."

Ó sọ sí Runak lọ́kàn pé kó mú un lọ sílé. Ilé wọn ò jìnnà. Àmọ́ kí ló máa wí fún bàbá rẹ̀, pé ta ni ó kó wálé? Bí Dilṣad bá tẹ̀lé wọn débẹ̀ ńkọ́, tí àwọn ará àdúgbò ń wò? Ó ń rò ó, ó ń tún un rò, tíì tó gbé fún Gelas sì ń tutù. Ìrònú náà ló ṣì ń rò nígbà tí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ funfun kan, tí ẹrẹ̀ òkè bò, dúró síta kí ilẹ̀ tó ṣú.

Dilṣad kò pariwo. Ì bá sàn kó pariwo. Ó fọwọ́ sáyà kí Ọ̀gá Hoṣyar, ó kí Runak náà, ó sì gbé àpò àsálà Penjwin kan lé káńtà.

"Ẹ bá wa bo àṣírí ilé wa," ó wí. "Kí Ọlọ́run bo tiyín."

Gelas ti dìde kí wọ́n tó pè é. Bó ṣe ń kọjá níwájú káńtà, ó dúró.

"Mo gbọ́ gbogbo ohun tí o sọ fún òyìnbó yẹn," ó wí. "Ìmọ̀ràn dáadáa ni. Ṣùgbọ́n èmi ò bẹ̀rù àjèjì."

Ó jáde. Iwájú ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní kó jókòó sí.

Lálẹ́ ọjọ́ náà, Runak ò lè jẹun. Bàbá rẹ̀, tó wa takisí fún ọ̀pọ̀ ọdún kí ojú rẹ̀ tó di bàìbàì, fọwọ́ wá àwo oúnjẹ ọmọ rẹ̀, ó rí i pé ó ṣì kún. Ó ní kó sọ ohun tó ṣe é. Runak sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin.

"Kí ló dé tí o ò pè mí?" ni bàbá rẹ̀ wí.

"Kí n pè yín kí ẹ wá ṣe kí ni, bàbá?"

"Ṣé ohùn ọkùnrin kọ́ ni ọ̀gá rẹ ń wá? Mo ní ohùn. Ojú ló ń yọ mí lẹ́nu."

"Ẹ ò mọ̀ ọ́n rí."

"Ẹni tó mọ̀ ọ́n wá, kí ló ṣe fún un? Kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ náà ló wà, Runak." Nígbà tó gbọ́ tí ọmọ rẹ̀ ń sunkún, ó ya búrẹ́dì, ó fi sí i lọ́wọ́.

Àbámọ̀ ni í gbẹ̀yìn ọ̀ràn. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, lákòókò tó yẹ kí Gelas wà níwájú àwọn ará ọsibítù, Runak pe fóònù rẹ̀, kò lọ. Ó pe ìyá rẹ̀. "Ó wà," ni ìyá náà wí. "Ara rẹ̀ le. Ọmọ mi, jọ̀ọ́, má pè wá mọ́."

Ilona lo ọ̀sẹ̀ kan, ó gun Goyje ní ọ̀sán gangan, ó sì mu tíì nílé tí ìyá ilé wà. Nígbà tó lọ, ó kọ ọ́ sórí íńtánẹ́ẹ̀tì pé obìnrin tó bá dá rìn wá sí Silemani, kó wá sí hòtẹ́ẹ̀lì yìí, nítorí Runak yóò tọ́jú rẹ̀ bí ọmọ ìyá. Ọ̀gá Hoṣyar kà á sókè fún gbogbo ẹni tó bá wọlé. Nígbàkúùgbà tó bá ti ń kà á, Runak á lọ fọ ife. Àpò àsálà náà wà lábẹ́ káńtà. Kò lè jẹ ẹ́, kò sì lè dà á nù.

Òdòdó ti yọ lórí òkè nígbà tí obìnrin kan wọlé lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó ti ìlú Ranya wá, ojú rẹ̀ kan wà nínú báńdéèjì. Dókítà ní kó padà wá láàárọ̀ ọ̀la. Òun nìkan ni.

Runak ò bi í léèrè bàbá, kò bi í léèrè ọkọ. Ó ní kó jókòó. Ó mú fóònù tirẹ̀, ó yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ àtẹ̀gùn.

"Bàbá, ọmọ ẹ̀gbọ́n yín wà níbí. Ó fẹ́ sùn di ọ̀la. Ọ̀gá fẹ́ gbóhùn yín."

Ó gbọ́ tí bàbá rẹ̀ gbé ife tíì sílẹ̀.

"Ọmọ èwo nínú àwọn ẹ̀gbọ́n mi?"

"Bàbá, ẹ ò lẹ́gbọ̀n-ọ́n."

"Mo ti ní báyìí," ni bàbá náà wí. "Kí lorúkọ ọmọ wa?"

Runak padà lọ béèrè orúkọ. Lẹ́yìn náà ó gbé fóònù wọ yàrá ẹ̀yìn. Ọ̀gá Hoṣyar gbà á, ó kí bàbá Runak kú ọjọ́ mẹ́ta, ó béèrè ojú rẹ̀, ó ní kò tọ́pẹ́, ó sì dá a padà.

"Mi ò mọ̀ pé bàbá rẹ ní ẹ̀gbọ́n ní Ranya," ó wí, ó ń wò ó.

"Wọ́n pọ̀, ọ̀gá."

Ọ̀gá Hoṣyar wò ó díẹ̀ sí i, ó sì kọjú sí bọ́ọ̀lù rẹ̀.

Gbogbo rẹ̀ kò gba àkókò tó kí tíì tutù. Runak dúró níwájú ibi tí wọ́n ń fi kọ́kọ́rọ́ kọ́. Kọ́kọ́rọ́ 204 nìkan ló ṣẹ́kù. Ó mú un, ó dì í mọ́wọ́ fún ìgbà díẹ̀, kó tó lọ fún obìnrin Ranya náà.