Ọwọ́ Dókítà àti Eyín Ọmọ Rẹ̀

Ilé ni àbọ̀ sinmi oko, ṣùgbọ́n oko dókítà eléyín yìí kì í dá a sílẹ̀. Àga ìtọ́jú méjì ló ní. Bó bá gún ẹni tó wà lórí ti àkọ́kọ́ lábẹ́rẹ́, kì í dúró kí ẹnu onítọ̀hún kú tán. Á ti bọ́ sídìí àga kejì. Kó tó ṣe tibẹ̀ tán, ẹnu ti àkọ́kọ́ á ti kú. Bẹ́ẹ̀ ló ń fò kiri bí ọ̀kẹ́rẹ́ tó ní igi méjì, láti àárọ̀ títí ọmọ rẹ̀ á fi sùn nílé.

Ọmọbìnrin náà, ọmọ ọdún mẹ́fà, eyín iwájú rẹ̀ ń mì. Òun ni yóò kọ́kọ́ yọ. Ìyá àgbà, ìyá ọkọ dókítà, nawọ́ sí i lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹ̀ẹ̀mẹta náà lọmọ panu dé bí ìgbín tí wọ́n fọwọ́ kàn.

"Màmá mi ló máa yọ ọ́."

"Màmá ẹ tó ń yọ tayé? Ẹ jọ máa dúró ni, ìwọ àti eyín."

Ní àárọ̀ Ọjọ́rú, dókítà yẹ ẹnu ọmọ wò nídìí búrẹ́dì. "Kò tíì tó yọ," ló wí. "Ó di ọ̀la. Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, mo ti délé."

Ọkọ rẹ̀ kò gbójú sókè nínú tíì. "Rọra ṣèlérí. O ṣe ti ọjọ́ ìbí, o ṣe ti eré ilé ìwé, o ò dé ìkankan. Ọmọ yìí ti mọ̀ ọ́n kà."

Ọmọ dáhùn fúnra rẹ̀: "Bí ẹ ò bá dé ní aago mẹ́rin, ìyá àgbà ló máa yọ ọ́. Mi ò sì ní máa dúró dè yín mọ́."

Kò sunkún, kò janu. Ìyẹn gan-an ló dun ìyá rẹ̀ wọ eegun.

Ní Ọjọ́bọ̀, aago mẹ́ta ààbọ̀, Bàbá Tíṣà wọ ilé ìtọ́jú eyín, ó di ẹ̀rẹ̀kẹ́ mú. Ó ti tó ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tí kò yanu fún dókítà eléyín mìíràn. Fọ́tò tí wọ́n ya ẹnu rẹ̀ fi hàn pé eyín ńlá ẹ̀yìn kan ti là, gbòǹgbò rẹ̀ sì tẹ̀ bí ìwọ̀. Iṣẹ́ bíi wákàtí kan ni, kò sì ṣeé sún di ọ̀la.

Dókítà ti wọ ìbọ̀wọ́ kó tó rántí aago. Nídìí àga kejì ni dókítà kékeré tó ń ràn án lọ́wọ́ wà, tó ti gboyè láti ọdún mẹ́ta, àmọ́ tí ọ̀gá rẹ̀ kò jẹ́ kó kọjá eyín fífọ̀ àti ihò dídí. Kì í ṣe pé kò mọṣẹ́. Ọ̀gá ló gbà pé ọwọ́ òun nìkan lọwọ́.

"Gbòǹgbò rẹ̀ tẹ̀," ló wí fún un. "Báwo lo ṣe máa yọ ọ́?"

"Màá là á sí méjì, mà. Ìdajì kọ̀ọ̀kan á gba ibi tó kọjú sí jáde."

Èsì náà ò lábùlà. Dókítà bọ́ ìbọ̀wọ́.

"Kí lèyí?" ni Bàbá Tíṣà wí. "Ọwọ́ ẹ ni mo mọ̀ o."

"Bàbá, àwọn ọmọ tí ẹ kọ́ ní ìwé kíkà, ṣé ẹ ṣì ń bá wọn kà á?"

Bàbá fi apá ibi tí kò dùn ún rẹ́rìn-ín. "Ẹnu ẹ mú ju abẹ́rẹ́ ẹ lọ. Jẹ́ kó wá. Bó bá dùn mí, mo mọ ilé ẹ."

Dókítà bọ́ sí títì pẹ̀lú oòrùn lójú. Ó yà á lẹ́nu pé aládùúgbò wọn ti kun ògiri rẹ̀ ní àwọ̀ òféfèé. Ìgbà wo ló kùn ún? Aago mẹ́rin ku ìṣẹ́jú mẹ́ta nígbà tó ṣílẹ̀kùn. Ọmọ jókòó lórí àpótí, ojú rẹ̀ wà lára aago ògiri, ìyá àgbà sì ti fọwọ́ tán, ó ń retí.

"Ìyá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí n ṣe é."

"Ìyàwó mi, ta ló ń bá ẹ du iṣẹ́?"

Dókítà fi ọ̀já òwú di eyín náà mú, ó yí i lẹ́ẹ̀kan péré. Eyín jókòó sí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ bí hóró àgbàdo. Ọmọ fi ahọ́n wá àlàfo náà, ó bú sẹ́rìn-ín, atẹ́gùn ń gba ibẹ̀ jáde.

Nígbà tó ku díẹ̀ kí aago márùn-ún lù, fóònù dún. Dókítà kékeré ni: eyín ti jáde, ìdajì méjì, Bàbá Tíṣà sì ní dókítà kékeré ni kó máa tọ́jú òun láti òní lọ. Dókítà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó dá a lóhùn pé láti ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, tirẹ̀ ni àga kejì, pẹ̀lú gbogbo eyín tó bá bá níbẹ̀.

Ọmọ fa aṣọ rẹ̀. "Màmá, èyí tó tẹ̀ lé e náà ń mì."

Ó fọwọ́ kàn án. Ó le bí òkúta. "Kò mì rárá."

"Ó máa mì. Ẹ ṣáà tètè dé lọ́la."

"Mo máa tètè dé," ni ìyá wí, kò sì sẹ́ni tó jiyàn nínú ilé náà.